Fọ́ọ̀mù kánsù tí ń sọ "blank": ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìkànnì ìjọba àti àwọn àkàndá

Mo máa ń bá àwọn kánsù kan ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tún ìkànnì wọn ṣe kí àwọn àkàndá náà lè máa lò ó. Díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nìyí, àti bí mo ṣe dáhùn wọn.

Ẹ̀gbọ́n, fọ́ọ̀mù ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú tó wà lórí ìkànnì wa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lójú tiwa. Ẹnì kan tí kò ríran wá pè wá, ó ní òun kò mọ ibi tí òun máa kọ orúkọ sí. Kí ló fà á?

Àbúrò, àwọn àpótí yẹn kò lórúkọ ni. Ẹ̀rọ ló ń ka ojú-ewé sétí ẹni tí kò ríran: NVDA lórí kọ̀ǹpútà Windows, tí a kì í sanwó fún, TalkBack lórí fóònù Android, VoiceOver lórí iPhone. Bó bá ti tẹ Tab, yóò bọ́ sínú àpótí tó kàn, ẹ̀rọ á sì pe orúkọ àpótí náà. Tí ẹ kò bá fún un lórúkọ, kí ni kó pè?

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gilọ́kọ́mà ti gba ojú rẹ̀, fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń wọ yunifásítì. Èmi ni mo ṣe fọ́ọ̀mù náà. Mo lọ bá a nílé rẹ̀ ní Ṣágámù, mo jókòó tì í, mò ń gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń sọ: "edit, blank", ìyẹn ni pé àpótí ìkọ̀wé nìyí, òfìfo ni. Ó tẹ Tab. "Edit, blank". Ẹ̀ẹ̀mẹfà gbáko. Ìka bàbá dúró lórí kíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èwo nínú wọn ni orúkọ bàbá?" "Orúkọ Bàbá" wà níwájú mi gàdàgbà, ojú tèmi sì ń rí i.

Mo kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò so wọ́n pọ̀. Label, àmì inú kóòdù ojú-ewé tó ń fún àpótí lórúkọ, ló ń so wọ́n: ohun tí ẹ bá kọ sínú "for" lára label gbọ́dọ̀ bá "id" àpótí mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Iṣẹ́ náà kò gbà mí ju wákàtí kan lọ. Wákàtí kan tí n kò lò níjọ́sí ló sé ọ̀nà mọ́ bàbá yẹn, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Bí ẹ ṣe ń tún un ṣe, ẹ wo ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà. Tí nọ́ńbà fóònù kò bá pé, ẹ má kàn sọ àpótí di pupa. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé nọ́ńbà náà kù ẹyọ kan.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ka ìròyìn ni mo wà. A máa ń tẹ ìkéde sórí ìwé, ọ̀gá á buwọ́ lù ú, a ó ṣe sikáànù rẹ̀, a ó wá gbé PDF sórí ìkànnì. Wọ́n ní kò ṣeé kà, bẹ́ẹ̀ ó hàn kedere lójú mi.

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi mouse fa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú PDF yẹn. Tí kò bá ṣeé fà, àwòrán ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ tó ń kàwé kò sì ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ẹ kọ ìkéde náà sórí ojú-ewé gan-an, kí PDF tí ọ̀gá buwọ́ lù wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí òǹtẹ̀. Àkọlé náà ńkọ́? Ẹ lo Heading, kì í ṣe kí ẹ kàn sọ lẹ́tà di ńlá. Ẹni tó ń lo NVDA máa ń tẹ H láti fò láti orí àkọlé kan sí èkejì, bí àwa ṣe ń fi ojú ṣá ìwé ìròyìn wò.

Bákan náà ni àwòrán. Mo rí àwòrán Ojúde Ọba lórí ìkànnì kan tí alt rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń kà dípò àwòrán, jẹ́ "IMG_0412". Ẹni tí kò ríran, tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwa, nọ́ńbà ló gbọ́. Ẹ kọ ohun tí ojú rí: "Àwọn ẹlẹ́ṣin láti ìdílé Balógun kan ń kọjá níwájú Awùjalẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọ aṣọ kan náà lẹ́yìn wọn." Fídíò ọ̀rọ̀ alága náà ń fẹ́ ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ fún àwọn adití.

Wọ́n fẹ́ ta bọ́tìnnì kan fún wa, wọ́n ní tí a bá ti gbé e sí igun ojú-ewé, gbogbo rẹ̀ á yanjú.

Ẹ má rà á. Kò lè mọ̀ pé àpótí kẹta ni orúkọ bàbá. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, ní kí ilé-iṣẹ́ accessiBe, tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀, san mílíọ̀nù kan dọ́là nítorí pé ó sọ pé irinṣẹ́ òun lè mú ìkànnì èyíkéyìí bá WCAG mu, ìlànà àgbáyé fún ìkànnì tí àkàndá lè lò.

Lẹ́tà eérú tí a lò rẹwà gan-an. Ṣé dandan ni ká yí i padà?

Dandan ni. WCAG ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ lẹ́tà sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, tàbí 3 sí 1 tí lẹ́tà bá tóbi. Eérú tí kóòdù àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ #999999 lórí funfun kò tó 3. #767676 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá 4.5. Ẹni tó ń wo fóònù lóòrùn ọ̀sán ní gáréèjì náà á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Tí mo bá tẹ Tab, n kì í mọ ibi tí mo dé.

Ẹnì kan ti kọ "outline: none" sínú CSS yín, kóòdù tó ń pinnu ìrísí ojú-ewé, ó sì pa ìlà tó ń yí ibi tí ẹ dé ká rẹ́. Ẹ yọ ọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò lè di mouse mú, ìlà yẹn ló fi ń mọ̀nà.

Àmì ohùn Yorùbá máa ń fò kúrò lórí lẹ́tà lójú-ewé wa, ẹlòmíràn á sì wá "Rẹ́mọ" títí kò ní rí i.

Èyí kàn wá gan-an. Kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún "ẹ́" nínú Unicode, àkójọ kóòdù fún lẹ́tà gbogbo èdè: "ẹ" ní tirẹ̀, àmì ohùn á wá lé e lórí. Fóńtì tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á gbé àmì náà síbòmíràn. Ẹ yan fóńtì tó gbé e dáadáa, Noto Sans gbé e, kí ẹ sì fi NFC, ìlànà Unicode tó ń mú kí lẹ́tà kan náà ní kóòdù kan náà, tún ọ̀rọ̀ ṣe kí ó tó wọ inú àkójọ ìkànnì. Níbi ìwákiri, ẹ jẹ́ kí "Remo" láìlámì náà rí i, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ àmì lórí fóònù. Ẹ kọ lang="yo" sí ojú-ewé Yorùbá, kí ẹ̀rọ má bàa rò pé Òyìnbó ló ń kà.

Ọ̀gá wa ní kò sí òfin tó kàn wá.

Ó wà. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àkàndá léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 5 ni wọ́n fi sílẹ̀ kí a tún àwọn ilé ìjọba ṣe, ó sì ti pé ní 2024. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé àtẹ̀gùn kánsù kò gbọ́dọ̀ dí oníkẹ̀kẹ́ lọ́nà, kí ló dé tí fọ́ọ̀mù kánsù á fi dí aláìríran lọ́nà?

A kò lówó fún ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti dára?

Ẹ yọ mouse, kí ẹ gbìyànjú àtigba ìwé ẹ̀rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, ẹ tan NVDA, ẹ pa iná ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un ṣe. Tí ẹ bá ti ṣe méjèèjì, ẹ pe ẹnì kan tí kò ríran láàárín ìlú, ẹ fún un lówó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ jókòó tì í. Ẹ má fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, ẹ má sì sọ ibi tó máa tẹ̀ fún un. Ibi tí ìka rẹ̀ bá ti dúró, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀.