Kòtò Títì Ṣe Yín Léṣe? Ẹ Má Fọwọ́ Ara Yín Pa Ẹjọ́ Yín

Ẹni tí kòtò títì bá ṣe léṣe l'Ékòó lè pe ìjọba lẹ́jọ́. Nínú ẹjọ́ ìdílé Ransome-Kuti lórí ilé Kalakuta tí wọ́n dáná sun lọ́dún 1977, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ lọ́dún 1985 pé ààbò àtijọ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn pe ìjọba lẹ́jọ́ ṣì bo ìjọba nígbà tọ́rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n òfin orílẹ̀-èdè ti 1979 ti ká ààbò ọ̀hún kúrò. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ wà báyìí. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí àwọn èèyàn wa ṣe ń náwó lórí ẹjọ́ tó ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ èmi lọ́yà.

1. Pípe ẹni tí kò ni títì. Kì í ṣe gbogbo títì ni ti Alausa, ìyẹn ìjọba ìpínlẹ̀. Third Mainland Bridge, Ikorodu Road àti Apapa-Oshodi, ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n. Òpópónà kéékèèké àdúgbò àti gọ́tà rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló wà lọ́rùn ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ gbé ti ìjọba àpapọ̀ lọ sí kóòtù ìpínlẹ̀ ní Ìkẹjà, lọ́yà wọn á fa abala 251 òfin 1999 yọ, á ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìkòyí lẹ bá gbà. Owó tẹ́ ẹ fi forúkọ ẹjọ́ sílẹ̀ sì ti lọ nìyẹn.

2. Risíìtì. Ẹ tọ́jú ẹ̀, títí kan ti teguntegun. Iye tẹ́ ẹ bá ní ẹ ná, adájọ́ fẹ́ rí ìwé ẹ̀.

3. Dídúró de ìjọba. Ẹ fún mi láyè díẹ̀ níbí. Ìyá aránṣọ kan wá bá mi, gọ́tà tí kò ní ìdérí ló ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ ní Mainland. Ọ̀rá dúdú tó gbé wá kún fún lẹ́tà: èyí tó kọ sí káńsù, èyí tó kọ sí ọ́fíìsì ọlọ́lá kan, èyí tí ọmọ ìjọ ẹ̀ bá a tẹ̀. Mo wo déètì, mo wo màmá.

“Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ pẹ́ tó báyìí?”

“Lọ́yà, ọmọ mi, káńsẹ́lọ̀ ní kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́. Ọmọ dáadáa ni.”

Ọmọ dáadáa! Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún yín ní oṣù mẹ́ta péré láti pẹjọ́, látọjọ́ tí nǹkan ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kì í dá ọjọ́ dúró. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ọ́ láìfi bò nínú ẹjọ́ Eboigbe àti NNPC lọ́dún 1994 pé bí ẹ tiẹ̀ ń dúnàá-dúrà pẹ̀lú wọn, ọjọ́ ń lọ. Àwọn kan á ní, “Ẹsẹ̀ ṣì ń dùn mí, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ò tíì parí.” Rárá o. Ohun tí wọ́n ṣe ló gbọ́dọ̀ máa bá a lọ, kì í ṣe ìrora yín. Ẹ tún fi èyí kún un: ọ̀pọ̀ àjọ ìjọba ni òfin wọn ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní ìwé ìfitónilétí oṣù kan kẹ́ ẹ tó pẹjọ́. Inú oṣù mẹ́ta yẹn náà loṣù kan ọ̀hún wà. Ẹni tó bá lo oṣù méjì àti ààbọ̀ lórí rédíò, tó ń pariwo fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ìgbà wo ló fẹ́ kọ̀wé? Àwọn lọ́yà kéékèèké ọ́fíìsì mi ti sọ mí ní Bàbá Oṣù Mẹ́ta. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Fọ́tò ńkọ́? Ẹ yà á lọ́jọ́ náà gan-an, kí ṣọ́ọ̀bù tàbí òpó iná tó wà nítòsí hàn nínú ẹ̀, torí wọ́n lè dí kòtò náà mọ́jú. Bó bá jẹ́ agbaṣẹ́ṣe ló gbẹ́ ẹ sílẹ̀ láìfi àmì kankan síbẹ̀, ẹ da orúkọ tó wà lára pátákó ẹ̀ kọ. Òfin Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tá a jogún ya ẹni tó gbẹ́ kòtò sọ́tọ̀ sí ẹni tí ò kàn tún títì ṣe, ẹni àkọ́kọ́ lẹ̀bi rọrùn láti dé bá. England fúnra ẹ̀ ti fi òfin 1961 pa ìyàtọ̀ yẹn rẹ́. Lọ́yà ìjọba níbí ṣì lè gbé e kò yín lójú.

Ọ̀kadà tẹ́ ẹ gùn ní Sùúrùlérè tàbí Lagos Island lẹ́yìn June 2022 tí wọ́n ti fòfin dè é níbẹ̀, lọ́yà ìjọba ò ní ṣàì mẹ́nu bà á.

Ẹ má sì gbé e lọ sí kóòtù owó kékeré. Gbèsè tí iye ẹ̀ ti dájú ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀.

Ẹ wá borí tán, ẹ ń dá ìnáwó sílẹ̀. Abala 84 òfin Sheriffs, ìyẹn òfin tí wọ́n fi ń gba owó tí kóòtù dá, ní kẹ́ ẹ tó lè fi kóòtù gba owó tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ gbọ́dọ̀ gbàyè lọ́wọ́ Attorney-General, ìyẹn ọ̀gá lọ́yà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nà ní kóòtù. Ẹni tó bá ti fi owó yẹn bá oníkẹ̀kẹ́ Márúwá dúnàá-dúrà, kó tètè lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù.