Ẹ Pe Òṣìṣẹ́ Iléeṣẹ́ Bí Ẹní Pe Ọ̀wẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Àjọ Aláàánú Ṣe

Ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan wà lọ́nà Nyanya tí wọ́n kun ògiri rẹ̀ lọ́dà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Iléeṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kó òṣìṣẹ́ wá láti àárín ìlú Abuja pé kí wọ́n wá yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́. Wọ́n wọ ẹ̀wù tó ní orúkọ iléeṣẹ́ wọn lẹ́yìn, wọ́n kùn ún, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Òrùlé tó ń jò ṣì ń jò. Ẹ̀bi àwa tá à ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ náà ni. Nígbà tí wọ́n bi wá pé kí làwọn lè bá wa ṣe, a ní, "Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rí."

Ẹni tó bá pe ọ̀wẹ̀ láyé àwọn bàbá wa kì í sọ bẹ́ẹ̀. Káwọn èèyàn tó dé oko, ó ti mọ ibi tí wọ́n máa kọ ebè dé, ọkọ́ wà nílẹ̀, wọ́n sì ti ń gúnyán nílé.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tẹ́ ẹ nílò sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè yín. Ẹ kọ iṣẹ́ tó fẹ́ èrò lọ́tọ̀, bíi gbígbá àyíká tàbí títo ìwé. Ẹ kọ èyí tó fẹ́ ìmọ̀ lọ́tọ̀. Èyí kejì yìí là ń fojú fò jù, bẹ́ẹ̀ Abuja kún fún akáùntáǹtì, lọ́yà àtàwọn tó mọ kọ̀ǹpútà tinú tẹ̀yìn. Òfin CAMA ti ọdún 2020, tó de iléeṣẹ́ àti àjọ tó forúkọ sílẹ̀, ní kí àjọ bíi tiwa máa fi àbọ̀ ránṣẹ́ lọ́dọọdún sí CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fi orúkọ wọn sílẹ̀. Àjọ kékeré mélòó ló ń rí i ṣe lásìkò? Akáùntáǹtì kan tó bá jókòó ti ìwé owó yín ní Sátidé méjì wúlò ju ogójì èèyàn tó gbé búrọ́ọ̀ṣì dání lọ. Bó bá sì jẹ́ èèyàn mẹ́wàá ni iṣẹ́ náà gbà, ẹ sọ pé mẹ́wàá. Bí ogójì bá wá, ọgbọ̀n á máa tẹ fóònù.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọjọ́. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló máa ń fẹ́ wá nítòsí ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1985 fún àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni. Àsìkò ìdánwò sì nìyẹn fáwọn ọmọ. Ẹ ní kí wọ́n wá ní oṣù Kejì, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í rántí yín. Ẹ má fi iṣẹ́ sí ọ̀sán Jímọ̀. Sátidé dáa, àmọ́ kí iṣẹ́ tètè parí, torí àwọn ará wa tó wà lára wọn á ti ní ìnáwó tí wọ́n fẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ owó ló le jù. Ọ̀dà, ìbọ̀wọ́, omi, oògùn ọgbẹ́ àti gbogbo ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ yín fi palẹ̀ mọ́, àjọ ló máa ń san án.

"Ọ̀fẹ́ la mà fẹ́ wá ṣiṣẹ́ o, mà," ni ọ̀gá kan sọ fún mi lórí fóònù.

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe ọ̀fẹ́."

Mo ka ìnáwó náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́. Wọ́n san án. Iléeṣẹ́ tó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ wá òmíì.

Ẹ tún ṣòfin sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ: àlejò kankan kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ, kò sì gbọ́dọ̀ ya fọ́tò ọmọ tí òbí rẹ̀ ò fọwọ́ sí. Àgọ́ àwọn tó sá wá láti Borno, bíi ti Durumi ní Abuja, kì í ṣe ibi ìran wíwò. Ẹ rí mai anguwa, ìyẹn olórí àdúgbò, ṣáájú, kí ẹ sì fi ẹni tó gbọ́ Hausa tàbí Gbagyi sínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì wa ò lè bá gbogbo ìyá ibẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an, ẹ ṣàlàyé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, kí olórí kan wà fún èèyàn mẹ́jọ mẹ́jọ.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹ fi àbọ̀ ránṣẹ́: ohun tó yanjú, èyí tó kù, àti èyí tó bàjẹ́. Ẹ sì béèrè iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ìgbà tá a ń kọ orúkọ àwọn tó kun ògiri lẹ́ẹ̀kẹta la tó mọ̀ pé injiníà ilé wà láàárín wọn. Ó ti kun ọ̀dà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán lábẹ́ òrùlé yẹn. A pè é padà lóun nìkan, ó mú káfíńtà méjì dání, wọ́n sì gun òkè lọ wo páànù.