Bí mo ṣe fi èèkàn àti okùn kọ́ àbúrò mi ní jìómẹ́tìrì

Àbúrò mi tó wà ní JSS 1 ti há gbogbo ẹ̀ sórí, póìntì, line, plane, angle, àmọ́ tó o bá ní kó nàka sí ọ̀kan nínú wọn, kò ní mọ ibi tó máa nà á sí. Mo ní kó gbé ìwé sílẹ̀, a mú èèkàn, òòlù àti okùn, ó di ẹ̀yìnkùlé níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú.

Mo kan èèkàn àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, mo pè é ní A. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé èèkàn yìí ni póìntì?" Rárá o, èèkàn ní orí ó ní ìdí, póìntì ò fẹ̀ kò sì gùn, ojú ibi tí nǹkan wà nìkan ló ń sọ. Ohun tí Euclid, tó kọ́ni ní Alexandria ní Íjíbítì ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú Kristi, fi bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀ gan-an nìyẹn, pé póìntì ni ohun tí ò ní apá kankan.

Mo kan ìkejì, B, mo ní kó fa okùn le láti A dé B, kó wá fa òmíràn tó máa gún bẹ́ẹ̀ àmọ́ tó máa gba ibòmíì. Ó gbìyànjú ẹ̀ títí, kò ṣeé ṣe, torí ìlà tó gún kan péré ló lè gba ojú póìntì méjì kọjá. Ìdí tí bíríkìlà fi máa ń ta okùn kó tó to búlọ́ọ̀kù nìyẹn, mo sì gbà pé ibí yìí ló yẹ kí tíṣà ti máa bẹ̀rẹ̀. Èyí tó dúró sí èèkàn méjèèjì ni segment, tó bá bẹ̀rẹ̀ ní A tó gba B kọjá tó ń lọ láìdúró, ray nìyẹn, tó bá ń lọ láìdúró lápá méjèèjì, line gangan nìyẹn.

Plane, ìyẹn ojú pẹrẹsẹ, ààrò ni mo fi ṣàlàyé ẹ̀. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, òótọ́ ni, póìntì mẹ́ta tí ò bá ti sí lórí ìlà kan náà, ojú pẹrẹsẹ kan ṣoṣo ló lè bá gbogbo wọn mu.

Igun, ìyẹn angle, la pẹ́ sí jù. A ta okùn méjì láti A, ìlà méjèèjì sì ṣe igun níbẹ̀. Ó rò pé tí okùn bá ti gùn sí i, igun náà á tóbi sí i, mo ní kó fà wọ́n gùn kó tún wọ̀n ọ́n, iye kan náà ló bá níbẹ̀. A wá wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lórí okùn kan, 4 lórí ìkejì, a ń sún ìkejì títí àárín àmì méjèèjì fi pé 5 gẹ́lẹ́, igun A bá di dígírì 90, torí 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, àròpọ̀ wọn jẹ́ 25, tí í ṣe 5 lọ́nà 5.

Lẹ́yìn náà, a so okùn tó gùn tó A sí B mọ́ A, ó fi igi fa róbótó, a tú u so mọ́ B, ó tún fa òmíràn. Ibi tí róbótó méjèèjì ti pàdé la kan C sí: AB, BC, AC gùn bákan náà, igun kọ̀ọ̀kan jẹ́ dígírì 60, a ò sì fọwọ́ kan rúlà. Ó rí i fúnra ẹ̀ pé wọ́n tún pàdé ní òdìkejì, ló bá ta okùn láti C lọ síbẹ̀, okùn náà sì gba àárín gbùngbùn AB kọjá.