Bí mo ṣe dá ìlà "/" tí mo pa rẹ́ nínú /etc/fstab padà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi ò sọnù. Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ni mò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́. Mo yọ hard disk àtijọ́ kan kúrò, ni kọ̀ǹpútà bá ń dúró dè é fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ nígbàkígbà tí mo bá tàn án. Mo fi nano, ohun tí a fi ń tún fáìlì kọ, ṣí fstab, ìyẹn fáìlì tó ń sọ àwọn disk tí Ubuntu máa ṣí nígbà tó bá ń tàn. Mo fi Ctrl+K pa ìlà disk àtijọ́ náà rẹ́. Ìkánjú ni, mo pa ìlà "/" (ibi tí Ubuntu fúnra rẹ̀ wà) àti ti /boot/efi (ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tàn) mọ́ ọn.

Nígbà tí mo tún un tàn, ojú ìwọlé ò jáde mọ́. "Read-only file system" ló ń sọ sí gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ kọ. Mo pa á, mo tàn án, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n kúkú fi Ubuntu tuntun sí i. Ọkàn mi ò gbà á rárá: project àwọn ọmọ LAUTECH wà nínú ẹ̀.

Ohun tó ṣiṣẹ́ nìyí. Mo tẹ Esc bó ṣe ń tàn, mo mú Advanced options, recovery mode, lẹ́yìn náà root. Mo tẹ:

mount -o remount,rw /
blkid

Ti àkọ́kọ́ ló jẹ́ kí n lè kọ nǹkan sínú "/" padà, blkid ló fi UUID, àmì ìdánimọ̀ apá disk kọ̀ọ̀kan, hàn. Ti "/" gùn gan-an, ti /boot/efi ò ju lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ lọ, pẹ̀lú àmì "-" láàárín wọn. Mo kọ wọ́n sórí bébà kí n má baà ṣì wọ́n, mo wá fi nano dá ìlà méjèèjì padà:

UUID=... / ext4 errors=remount-ro 0 1
UUID=... /boot/efi vfat umask=0077 0 1

Mo fi "mount -a" dán àwọn ìlà náà wò, kò sọ àṣìṣe kankan, mo tẹ reboot, ó wọlé wẹ́rẹ́.

ext4 ni irú ètò tí disk tèmi fi ń to fáìlì. Tí tiyín bá jẹ́ btrfs, ẹ má kọ ext4 o, ẹ má sì kọ errors=remount-ro, btrfs ò mọ̀ ọ́n; ẹ fi defaults rọ́pò rẹ̀. Bí blkid bá ṣe pe irú rẹ̀ (TYPE) ni kí ẹ kọ ọ́.