Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń gbé ọkọ̀ gọ́ọ̀fù sórí tírélà tí kò ní ìbòrí

Ọkọ̀ gọ́ọ̀fù máa ń tan èèyàn jẹ. Ó kéré, kò ní ilẹ̀kùn, ariwo rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà a máa ń rò pé bí a bá ti gbé e gun tírélà, ìyẹn tírélà kékeré tí ọkọ̀ máa ń fà, tí a fa okùn méjì mọ́ ọn lára, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n èyí tó ń gbé èèyàn méjì sábà máa ń wúwo tó 400 sí 500 kìlógíráàmù. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 20 kìlómítà ní wákàtí kan lórí koríko ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá wá so tírélà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ yín tí ẹ ń sáré 80, eré náà di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n agbára afẹ́fẹ́ tó ń gbá a á di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ibí yìí gan-an ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ má fi ohun tó lè fò sílẹ̀ lórí rẹ̀

Ojú mi ló ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ń wakọ̀, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń wo jígí. Mo rí i tí àga ọkọ̀ gọ́ọ̀fù tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, bí ẹni tó ń gbà sí wa lẹ́nu. Kí n tó sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra,” ó ti gbéra. Ó balẹ̀ sáàárín títì, ó yí gbirigbiri. Orí ló yọ wá tí ọkọ̀ kankan kò tẹ̀ lé wa.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gọ́ọ̀fù, wọn kì í fi nọ́ọ̀tì de àga ìjókòó. Wọ́n kàn gbé e lé orí ibi tí bátìrì wà ni, kí ẹni tó fẹ́ bu omi sí bátìrì lè tètè ṣí i. Ẹ yọ àga náà, ẹ jù ú sínú búùtù. Gíláàsì iwájú tó ṣeé ṣẹ́ po náà, ẹ yọ ọ́, ẹ fi aṣọ wé e. Rọ́bà tó dì í mú kò mọ eré títì rárá. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ òjò burú jù, torí pé afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀ á sì máa fa gbogbo ọkọ̀ náà. Òrùlé ńkọ́? Ẹ yẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀nà bá jìn, èmi á tú u kalẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan á ní mo ti ń ṣe àṣejù.

Ẹ má so bẹ́líìtì mọ́ ibi tí ọwọ́ bá ti tó

Irin tó gbé òrùlé dúró ló máa ń wu èèyàn jù láti so nǹkan mọ́, nítorí pé ó wà ní ìtòsí. Yóò tẹ̀. Bọ́ńpà oníke á ya, sítíárìn kò sì fìgbà kan jẹ́ ibi ìdè. Inú abẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wò, níbi férémù tàbí irin tó so táyà méjì pọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti dè é. Bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń de ẹrù mẹ́rin ni, igun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀: ti iwájú á fà á síwájú, ti ẹ̀yìn á fà á sẹ́yìn. Okùn lásán kò dára, ó máa ń nà, ìdè rẹ̀ á sì tú bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n.

Ẹ ka ìwé pélébé tí wọ́n rán mọ́ bẹ́líìtì. Nọ́ńbà méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Èyí tó tóbi ni ìwúwo tí yóò já a. Èyí tó kéré, tó sábà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ni ẹ lè gbára lé. Níbi tí bẹ́líìtì bá ti gba etí irin mímú kọjá, ẹ fi aṣọ tó nípọn tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì fà á títí sípíríìńgì á fi wọlé pátápátá. Kó rẹlẹ̀ díẹ̀ ti tó.

Ẹ má gbára lé búrékì rẹ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gọ́ọ̀fù, bí ẹ bá tẹ ibi ìfiṣáré, búrékì ìdúró á tú fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé àpò tí ẹ gbàgbé sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ lè yọ́ wá síwájú, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì tú búrékì tí ẹ fọkàn tán. Ẹ kó gbogbo ẹrù ibẹ̀ kúrò, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fi wẹ́ẹ̀jì sí iwájú àti ẹ̀yìn táyà. Bí ọkọ̀ gọ́ọ̀fù oníná bá ní súwíìṣì tí wọ́n kọ RUN (rírìn) àti TOW (fífà) sí lábẹ́ àga, orí TOW ni kó wà kí ẹ tó fi ọwọ́ tì í tàbí fi okùn wọ́ ọ.

Ẹ má gbé e gùn kí tírélà tó so mọ́ ọkọ̀

Bí táyà rẹ̀ bá ṣe ń tẹ ẹ̀yìn tírélà báyìí, ọrùn tírélà, ìyẹn irin iwájú tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ọkọ̀, á gbéra bíi jáńgílófà, ọkọ̀ gọ́ọ̀fù á sì padà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ so ó, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Kí bọ́ọ̀lù ìso, ìyẹn irin roboto tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín, àti ẹnu tírélà jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí ẹ ki pín-ìnnì rẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ṣéènì méjèèjì kọjá ara wọn lábẹ́ ọrùn tírélà. Iná ẹ̀yìn àti afẹ́fẹ́ táyà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ìwúwo ló gba àkíyèsí jù. Bátìrì wà lábẹ́ àga, ẹ̀rọ tó ń yí táyà wà lẹ́yìn, nítorí náà ìdí ọkọ̀ gọ́ọ̀fù wúwo ju orí rẹ̀ lọ. Bí ìwúwo bá pọ̀ sí ẹ̀yìn táyà tírélà, tírélà á máa ju ìrù kiri lórí eré. Ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwúwo ló yẹ kó sùn lé bọ́ọ̀lù ìso. Bí tírélà àti ẹrù bá jẹ́ 750 kìlógíráàmù, ìyẹn jẹ́ 75 sí 112. Bí kò bá pé, ẹ sún ọkọ̀ náà síwájú, tàbí kí ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣáájú gbé e gùn. Tí tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú ọ̀nà, ẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí eré díẹ̀díẹ̀, ẹ má tẹ búrékì lójijì.

Lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 15 àkọ́kọ́, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bẹ́líìtì á ti dẹ̀, torí táyà àti sípíríìńgì á ti jókòó. Ẹ tún un fà. Ẹ sún ọwọ́ mọ́ àárín táyà tírélà pẹ̀lú. Bó bá gbóná débi pé ọwọ́ kò lè sún mọ́ ọn, bìárìn ti ń lọ nìyẹn.

Bí ẹ bá dé, ẹ má tú bẹ́líìtì lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ̀. Wẹ́ẹ̀jì ni kí ó kúrò kẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sẹ́yìn tírélà nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́.