Bí A Ṣe Ń Fi Ìdin Wo Egbò Tó Kẹ̀

Ẹ má ṣe ṣa ìdin lórí ẹran jíjẹrà fún iṣẹ́ yìí láéláé. Ọmọ eṣinṣin Lucilia sericata, tí a sìn láti inú ẹyin tí a fọ̀ mọ́ tónítóní, ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní 2004. Kí nọ́ọ̀sì fi omi iyọ̀ ṣan egbò, kí ó kó ìdin 5 sí 10 lé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, kí ó sì fi aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá bò wọ́n, kí wọ́n lè rí mí. Wọn kò tó hóró ìrẹsì nígbà náà. Itọ́ wọn ló ń yọ́ ẹran ara tó ti kú, èròjà lucifensin inú rẹ̀ sì ń pa kòkòrò àìfojúrí bíi Staphylococcus. Lẹ́yìn ọjọ́ 2 sí 3, tí wọ́n bá ti yó, tí wọ́n sì ti sanra, kí ó ṣan wọ́n kúrò pátápátá.