Anno 1800: àwọn àṣìṣe tó ń sọ ìlú olówó di onígbèsè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Anno 1800, gémù orí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ti ń kọ́ ìlú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó tún ba ìlú míì jẹ́. Oṣù kẹrin ọdún 2019 ni gémù yìí jáde, àwọn Ubisoft tó wà ní ìlú Mainz ní Jámánì ló ṣe é, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti yé gbogbo èèyàn báyìí, àmọ́ àṣìṣe kan náà ló ṣì ń ba ìlú àwọn ọmọ jẹ́ láti Òkèsà dé Ìsọ̀kùn, ibikíbi ní Iléṣà tí laptop tó lágbára díẹ̀ bá wà (RAM 8GB ló kéré jù o, tí tiyín ò bá tó bẹ́ẹ̀ ẹ má wulẹ̀ fi data ṣòfò).

Iléṣà jìnnà sí òkun, mo mọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ò rí òkun rí àfi tá a bá lọ sí Èkó. Nínú gémù yìí òkun ni gbogbo nǹkan. Erékùṣù lẹ máa kọ́ ìlú sí, erékùṣù kan ò sì ní ní gbogbo ohun tẹ́ ẹ nílò, ọkọ̀ ojú omi ló máa so wọ́n pọ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rí wa mú.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó burú jù, máa pẹ́ lórí ẹ̀ díẹ̀: ẹ má gbé gbogbo àgbẹ̀ ga. Mo mọ bó ṣe máa ń ṣe èèyàn. Ẹ ti fún wọn lọ́jà, ẹ ti fún wọn lẹ́ja àti aṣọ iṣẹ́, inú wọn dùn, ilé kún, èèyàn 10 nínú ilé Farmers (àwọn àgbẹ̀ náà nìyẹn) kọ̀ọ̀kan, gémù wá ń fi àmì hàn yín pé ẹ lè sọ ilé yẹn di ti Workers (òṣìṣẹ́, ìpele tó tẹ̀ lé àgbẹ̀) tó ń gba 20. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Owó gbéra. Ẹ tún tẹ ìkejì, ẹ tẹ ìkẹta, kẹ́ ẹ tó mọ̀ gbogbo àdúgbò ti di Workers, ẹ ti ń yangàn. Ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ pé ẹja ò sí mọ́, aṣọ ò sí mọ́, ṣìnáàpù gan-an ò sí mọ́ (bẹ́ẹ̀ ni, ṣìnáàpù, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé lọ síbi ìdána, òun làwọn àgbẹ̀ inú gémù yìí ń mu). Kí ló fà á? Àwọn Farmers ló ń pẹja, àwọn ló ń sin àgùntàn, àwọn ló ń gbin pòtétò, àwọn náà ló ń gé igi nínú igbó, Worker ò sì ní bá wọn di ọkọ́ mú. Tí iye àgbẹ̀ bá ti kéré sí iye tí àwọn oko ń bèèrè, oko kan ṣoṣo kọ́ ló máa jìyà ẹ̀, gbogbo wọn ló máa ń falẹ̀ pọ̀.

Ó tún wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Workers tẹ́ ẹ gbé ga yẹn, ẹnu wọn tún tóbi sí i. Sọ́sééjì ni wọ́n fẹ́, búrẹ́dì ni wọ́n fẹ́, ọṣẹ, bíà. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ni sọ́sééjì ti ń wá, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ náà ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, ọkà ni búrẹ́dì. Ta ló ń sin ẹlẹ́dẹ̀? Ta ló ń gbin ọkà? Farmers tẹ́ ẹ pa rẹ́ náà ni jàre.

Torí náà kẹ́ ẹ tó tẹ àmì yẹn, ẹ wo iye àgbẹ̀ tó ṣẹ́kù láìníṣẹ́. Ilé kan tó bá kún tẹ́ ẹ sì gbé e ga, àgbẹ̀ 10 lẹ yọ kúrò yẹn. Tó bá jẹ́ 15 ló ṣẹ́kù, ilé kan péré lẹ lè gbé, ẹ kọ́ ilé àgbẹ̀ tuntun ná kẹ́ ẹ tó tún fọwọ́ kan òmíì. Títí tẹ́ ẹ fi máa dé àwọn ìpele tó tún ga sí i, Artisans (oníṣẹ́ ọwọ́) tí ilé wọn ń gba 30, Engineers 40, Investors 50, ẹ ṣì máa nílò àgbẹ̀. Bọ̀dá kan tó máa ń gbá a ní Ẹrẹ́jà sọ pé òun ò fẹ́ máa rí ilé àgbẹ̀ láàárín ìlú òun, pé ó ń ba ẹwà ìlú jẹ́, mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ kó wọn lọ sẹ́yìn ìlú, ẹ má wó wọn. Àmọ́ kó má lọ jẹ́ erékùṣù míì o, torí ẹni tó ń gbé erékùṣù kan ò lè ṣiṣẹ́ fún òmíì àfi tẹ́ ẹ bá ti kọ́ Commuter Pier, ìyẹn ṣì jìnnà.

Owó ńkọ́? Owó tó hàn gàdàgbà lókè yẹn, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó ń sọ bóyá owó ń wọlé ni àbí ó ń jáde, òun ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Gbogbo ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá kọ́ ló ń jẹ owó ìtọ́jú, kódà tí ilé ìkẹ́rùsí bá ti kún tí ilé iṣẹ́ yẹn dúró tí kò ṣe nǹkan kan mọ́, owó ẹ̀ ṣì ń lọ. Gémù yìí ò sì ní owó orí tẹ́ ẹ máa fi kún tí nǹkan bá le, ohun táwọn èèyàn bá ń jẹ tí wọ́n ń lò ni owó yín ti ń wá, tí ọjà bá ti wọ́n, owó náà wọ́n nìyẹn.

Ibi tí mo ti máa ń rí èyí jù ni ọ̀rọ̀ bíà. Bóyá torí pé Iléṣà níbí ni wọ́n ti ń pọn Trophy ni, mi ò lè sọ, ṣùgbọ́n tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà bá ti rí i pé Workers ń bèèrè bíà báyìí, brewery (ilé tí wọ́n ti ń pọn bíà) márùn-ún ló máa tò kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dákun. Oko hops (ewéko tí wọ́n ń fi sí bíà) ń lo sẹ́kọ́ǹdì 90 kó tó mú tọ́ọ̀nù kan jáde, oko ọkà 60, ilé mọ́ọ̀tì (ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọkà fún bíà) 30, brewery 60. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ dáadáa, oko hops mẹ́ta, oko ọkà méjì, ilé mọ́ọ̀tì kan, brewery méjì ló bára mu. Brewery mẹ́ta tó kù yẹn máa kàn dúró síbẹ̀ máa jẹ owó ni. Búrẹ́dì náà ní tiẹ̀: oko ọkà méjì, ẹ̀rọ ìlọ kan, bekìrì méjì. Ti ọṣẹ, oko ẹlẹ́dẹ̀ méjì, ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ̀rá méjì, ilé ọṣẹ kan. Aṣọ àti ṣìnáàpù ò le, ọ̀kan sí ọ̀kan ni, oko kan ilé iṣẹ́ kan.

Tí ọṣẹ bá wá pọ̀ jù ní tiyín, ẹ má jẹ́ kó kàn jókòó sí ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ kó o lọ fún Eli Bleakworth, ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà lórí òkun yẹn, owó gidi ló fi ń ra ọṣẹ. Kò sí ohun tó yá láti fi rówó níbẹ̀rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, ó sì yà mí lẹ́nu bí èèyàn ṣe ń gbá gémù yìí fún ọjọ́ pípẹ́ tí wọn ò yà sọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn rí.

Erékùṣù kejì: ẹ wo ohun tó ń hù níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà á. Ẹlòmíì á kàn rí erékùṣù tó fẹ̀ tó lẹ́wà, á náwó sí i, lẹ́yìn tó ti kọ́ èbúté tán ló máa tó mọ̀ pé hops tóun wá wá ò lè hù níbẹ̀. Ata pupa náà ńkọ́, Artisans máa bèèrè oúnjẹ inú agolo lọ́jọ́ iwájú, ata wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Erékùṣù kékeré tó ní hops àti ata sàn fún mi ju ńlá tó jẹ́ ilẹ̀ lásán.

Ọkọ̀ ló wá kù, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Schooner, ọkọ̀ kékeré tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ lò, ní àyè ẹrù méjì péré, àyè kan ń gba tọ́ọ̀nù 50. Èèyàn á ní kí schooner kan máa kó bíà lọ sí ìlú kejì, bíà á pọ̀ níbẹ̀ títí ilé ìkẹ́rùsí ibẹ̀ á fi kún, ọkọ̀ á débẹ̀ kò ní ríbi já ẹrù sí, á tún gbé bíà yẹn padà wálé, àyè ẹrù ẹ̀ ti dí, ẹja tó yẹ kó kó bọ̀ ò ráyè wọlé, ebi wá ń pa ìlú tó kún fún bíà. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ yín ṣe òṣómàáló. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde, ó sanwó fún wọn nígbà yẹn, ọkọ̀ tó bá lóṣòó sí èbúté ò lérè kankan. Ẹ fi àyè ẹrù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún nǹkan kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì dín iye tó ń kó kù sí ohun tí ìlú yẹn ń lò. Wọ́n fún wa láyè láti ní kí ọkọ̀ da ẹrù tí kò bá ríbi já sí sínú omi, ó wúlò lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láìwò á máa ju owó ara ẹ̀ sínú òkun láìmọ̀. Ẹrù tó pọ̀ ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lòdì náà ń fà á, torí náà ẹ má fi ọkọ̀ kan ṣoṣo gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà tó jìn.

Tẹ́ ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ Artisans, ẹ ti ní láti máa múra fún New World, apá míì nínú gémù yìí tó jìnnà sí Old World tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Rọ́ọ̀mù tí wọ́n ń mu, ìrèké ló wà nídìí ẹ̀, kóòtù onírun wọn ń fẹ́ aṣọ òwú, ìrèké òun òwú yìí ò sì hù ní Old World rárá. Ẹ má rán ọkọ̀ lọ sí expedition (ìrìn àjò ìwádìí) lófìfo. Ẹ di oúnjẹ sínú ẹ̀, kí ọkàn àwọn tó wà nínú ọkọ̀ balẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ náà lè má padà.

Iná, àrùn, rògbòdìyàn: ẹ kọ́ ilé panápaná kí iná tó sọ, kò gbowó lórí. Ọ̀nà oníbíríkì yára ju ọ̀nà ilẹ̀ lọ, ẹ yí i padà bíríkì bá ti wà. Ẹ má gba iwájú erékùṣù Anne Harlow kọjá pẹ̀lú ẹrù tẹ́ ẹ bá ń bá a jà, ajalèlókun ni obìnrin yẹn.

Àwọn tẹ́ ẹ máa bá figa gbága náà (kọ̀ǹpútà ló ń darí wọn), ẹ̀yin lẹ máa yàn wọ́n kí gémù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi ìgbéraga yàn wọ́n. Bente Jorgensen àti Willie Wibblesock ò ní yọ yín lẹ́nu. Alonso Graves àti Margaret Hunt, kẹ́ ẹ tó to oko hops kẹta yẹn tán, wọ́n ti gba gbogbo erékùṣù tó dáa lọ.